Kí ni kí n tẹ̀ sínú fèrèsé dúdú yìí? Àlàyé lórí bí a ṣe ń build iṣẹ́ àpẹẹrẹ láti terminal, tí a sì ń mú un ṣiṣẹ́

Ìbéèrè kan wà tó máa ń jáde lemọ́lemọ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp àti Telegram tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù: “Mo ti wa project náà wálẹ̀ o, ibo ni mo fẹ́ tẹ ohun tí wọ́n kọ sínú README yìí sí?” README ni fáìlì àlàyé tó máa ń bá project wá. Ẹni tó ń béèrè kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó lè ti wo fídíò fún oṣù mélòó kan, ó mọ loop, ó sì lè kọ function fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì kékeré aláwọ̀ ewé kan, ìyẹn Run inú ètò tó fi ń kọ kóòdù, ló ti ń bá a ṣe gbogbo ìyókù látọjọ́ yìí. Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ kan bá wá fi iṣẹ́ ìdánwò ránṣẹ́ sí i, tó jẹ́ pé ìlà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì dọ́ọ̀tì àti ìlà dídagun, ọwọ́ rẹ̀ á rọ.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó yé yín: àṣẹ tí à ń tẹ̀ sínú terminal kì í ṣe ọfọ̀ tí a ń há sórí. Gbólóhùn kúkúrú ni. Ó ní ẹni tí à ń rán níṣẹ́, ó ní iṣẹ́ tí à ń rán an, ó sì ní ibi tí a dúró sí tí a fi ń rán an. Ẹni tó bá ti lè tọ́ka sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á lè ka àṣẹ tí kò rí rí.

Kí ni terminal, kí sì ni iṣẹ́ àpẹẹrẹ?

Terminal ni fèrèsé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Dípò kí ẹ máa fi mouse tẹ àwòrán, ẹ ó kọ àṣẹ, ẹ ó tẹ Enter, kọ̀ǹpútà á sì dá yín lóhùn lábẹ́ rẹ̀. Lórí Windows, PowerShell tàbí Command Prompt ni ẹ máa wá. Lórí Mac, Terminal lorúkọ rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Linux, tí ẹ bá tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀, ó ti ṣí nìyẹn. Nínú fèrèsé yìí, ètò kan tó ń jẹ́ shell ló ń ka ohun tí ẹ kọ, tó sì ń wá ẹni tó máa ṣe é. Ọdún 1969 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìṣesí shell tó wà lórí Mac àti Linux lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Iṣẹ́ àpẹẹrẹ ni project tí àwọn tó ni irinṣẹ́ kan kọ sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíì lè rí bí wọ́n ṣe ń lo irinṣẹ́ náà. Wọn ò fi ṣòwò. Ẹ gbà á, ẹ mú un ṣiṣẹ́, ẹ tú u wò, ẹ bà á jẹ́ tó bá wù yín. Èyí tí a máa lò níhìn-ín ni Spring PetClinic, ètò ilé ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn tí àwọn tó ń ṣe Spring gbé sórí GitHub, ibi tí àwọn oníkóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́. Spring yìí jẹ́ irinṣẹ́ Java tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń kọ ètò wọn. Mo yàn án nítorí pé ó tóbi tó láti fi wàhálà gidi han èèyàn, síbẹ̀ kò tóbi débi tí yóò fi lé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ sá.

Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín build àti run?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, torí pé bọ́tìnì aláwọ̀ ewé yẹn ń ṣe méjèèjì papọ̀ láìsọ fún yín.

Ẹ wo iṣu àti àmàlà. Kóòdù tí ẹ fọwọ́ yín kọ, iṣu tútù ni. Wọ́n á bó o, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, ó di èlùbọ́. Gbogbo ìyẹn ni build. Kò sẹ́ni tó ń bu èlùbọ́ jẹ lẹ́nu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé dì sínú àpò gbé lọ sí Cotonou tàbí London, ibi tí iná àti omi bá sì ti wà, wọ́n á rò ó. Rírò yẹn ni run. Ẹni tó fẹ́ jẹ àmàlà ní London kò nílò oko iṣu. Èlùbọ́ àti ìkòkò ti tó o.

Bí Java ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .java ni iṣu. Ètò kan tó ń jẹ́ javac ló ń sọ ọ́ di fáìlì .class, ìyẹn èlùbọ́. Ètò kejì tó ń jẹ́ java, láìní c lẹ́yìn, ló ń rò ó. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń gbọ́ JDK àti JRE: JDK ní javac àti java nínú, JRE kò ní javac, ó kàn lè rò ni, kò lè lọ̀. Ẹni tó fẹ́ build, JDK ló gbọ́dọ̀ ní. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti fi JRE sórí kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n sì ń ṣe kàyéfì pé àwọn ní Java, kí ló dé tí kò gbà.

Kì í ṣe gbogbo èdè ló pín iṣẹ́ náà báyìí lójú yín. Python á ka kóòdù, á sì mú un ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. C ní tirẹ̀ ń di èdè tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń sọ, ìyẹn ni ètò C tí wọ́n build fún Windows kò fi ní ṣí lórí Mac.

Ṣé a lè kọ́kọ́ fi fáìlì kan ṣoṣo dán an wò?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ dá fódà kan tó ń jẹ́ idanwo, kí ẹ kọ èyí sínú fáìlì tó ń jẹ́ Ekaabo.java:

public class Ekaabo {
    public static void main(String[] args) {
        System.out.println("Ẹ káàbọ̀ o");
    }
}

Ẹ ṣọ́ra fún Notepad: ó fẹ́ràn láti fi .txt kún orúkọ fáìlì láìsọ, tí Ekaabo.java á fi di Ekaabo.java.txt. Ẹ yan “All files” nígbà tí ẹ bá ń fi pamọ́. Lẹ́yìn náà, nínú terminal:

cd idanwo
javac Ekaabo.java
java Ekaabo

Ìlà kìíní ní kí shell wọ inú fódà idanwo. Ìlà kejì rán javac níṣẹ́: lọ bá mi lọ Ekaabo.java. Tó bá ṣe é dáadáa, kò ní sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yìí máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàmú. Wọ́n á máa dúró de “ó ti parí” tí kò ní dé láéláé. Lábẹ́ terminal, ẹni tó dákẹ́ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá ní ẹ̀sùn ló ń pariwo. Ẹ tẹ ls, tàbí dir tó bá jẹ́ Command Prompt, ẹ ó rí Ekaabo.class tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìlà kẹta ló ń kí yín káàbọ̀. Ẹ kíyè sí i pé a kò kọ .class síbẹ̀. Tí ẹ bá kọ java Ekaabo.class, á dáhùn pé “Could not find or load main class Ekaabo.class”, torí orúkọ class ni java ń gbà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe orúkọ fáìlì. Látorí Java 11 ni ọ̀nà àbùjá kan ti wà: ẹ kọ java Ekaabo.java, á lọ̀ ọ́, á rò ó, kò sì ní fi fáìlì .class kankan sílẹ̀. Ó dára fún eré. Kò wúlò fún project tó ní fáìlì púpọ̀.

Ó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá: lórí Windows, ó lè jẹ́ pé àmì ìbéèrè tàbí ìdọ̀tí lẹ máa rí níbi tí ẹ ti kọ ẹ̀ àti ọ̀. Ẹ má lọ yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ yín o. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé fèrèsé yẹn ṣì ń lo àkójọ lẹ́tà àtijọ́ tí lẹ́tà wa kò sí nínú rẹ̀. Ẹ tẹ chcp 65001, kí ẹ tún un mú ṣiṣẹ́. Tí Java yín bá kéré sí 18, ẹ tún un lọ̀ báyìí:

javac -encoding UTF-8 Ekaabo.java

Kí ló fa “command not found”?

Nígbà tí ẹ bá tẹ javac, shell ò mọ ilé rẹ̀. Ó ní àkọsílẹ̀ fódà kan lọ́wọ́ tó ń jẹ́ PATH, á sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ẹni tó ń jẹ́ javac ń gbé níbẹ̀. Tó bá wá gbogbo wọn tán tí kò rí i, á ní “command not found”. Windows á ní “is not recognized as an internal or external command”. Ẹ̀sùn yìí kò kan kóòdù yín rárá. Kò tíì débi tó máa ka kóòdù. Ó lè jẹ́ pé JDK kò sí lórí ẹ̀rọ, ó sì lè jẹ́ pé ó wà, ṣùgbọ́n fódà bin rẹ̀ kò sí nínú PATH. Tí ẹ bá ti fi kún un, ẹ ti fèrèsé terminal náà, kí ẹ ṣí tuntun. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ló ṣì wà lọ́wọ́ èyí tó ti ṣí tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú kí àwọn èèyàn tún nǹkan tó ti tọ́ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀sùn kejì ni “No such file or directory”. Ìyẹn ni pé ẹni tí ẹ rán wà, àmọ́ ibi tí ẹ dúró sí kò tọ́. Ẹ tẹ pwd kí shell sọ ibi tí ẹ wà fún yín. Lórí Command Prompt, cd nìkan ti tó. Ẹ tẹ cd .. láti padà sẹ́yìn sínú fódà tó bí èyí tí ẹ wà. Tí orúkọ fódà bá gùn, ẹ kọ cd, ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ fi mouse wọ́ fódà náà wá jù sínú terminal: á kọ àdírẹ́sì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Wàyí o, àmì tó ń da gbogbo èèyàn láàmú, ./ ńkọ́? Dọ́ọ̀tì yẹn túmọ̀ sí “ibi tí mo wà yìí”. Lórí Mac àti Linux, shell kì í wá ètò nínú fódà tí ẹ wà àfi tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni. Ká ní ó ń wò ó, ẹni ibi lè fi ètò burúkú kan tó sọ ní ls sínú fódà, tí ẹ bá wọbẹ̀ tí ẹ tẹ ls, tirẹ̀ lẹ máa pè. PowerShell náà ń fẹ́ .\ bẹ́ẹ̀. Command Prompt nìkan ló ṣì ń wo fódà tí ẹ wà kó tó wo ibòmíì.

Kí ló dé tí a tún ń pe Maven, make àti àwọn bíi tiwọn?

Lọ́dún 1976, Stuart Feldman ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Steve Johnson, já wọ ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú: ó ti fi gbogbo òwúrọ̀ wá àṣìṣe nínú ètò kan tí kò ní àṣìṣe mọ́. Ó ti tún kóòdù náà ṣe, àmọ́ kò rántí láti tún fáìlì yẹn lọ̀, èyí àtijọ́ ló ń mú ṣiṣẹ́. Feldman wá kọ make, ètò tó ń wo fáìlì tí ọwọ́ kàn lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti lọ̀ ọ́ kẹ́yìn, tó sì ń tún ìyẹn nìkan lọ̀. Make ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní.

Ìṣòro kejì tó wá dé lẹ́yìn náà ni ti kóòdù àwọn ẹlòmíì. PetClinic nìkan kọ́ ló kọ ara rẹ̀. Ó ń lo kóòdù tó ń ṣí ojú-ìwé, èyí tó ń bá àkójọ dátà sọ̀rọ̀, èyí tó ń yẹ ọjọ́ ìbí ẹran wò. Ká ní ẹ fẹ́ lọ wá gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan tún nílò méjì, tí méjì tún nílò márùn-ún, ilẹ̀ á ṣú. Maven ló ń bá àwọn oníjàva ṣe é. Ó ń ka fáìlì kan tó ń jẹ́ pom.xml, á rí àkọsílẹ̀ ohun tí project náà nílò níbẹ̀, á wà wọ́n wálẹ̀ láti ibùdó tó ń jẹ́ Maven Central, á kó wọn sínú fódà .m2 tó wà nínú ilé yín lórí ẹ̀rọ náà, á wá pe javac.

Ó yá, báwo la ṣe ń mú PetClinic ṣiṣẹ́?

Ẹ rí i dájú pé JDK 17 tàbí èyí tó jù ú lọ wà lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ tẹ javac -version. Ẹ nílò Git náà, ètò tí Linus Torvalds kọ lọ́dún 2005, tí àwọn oníkóòdù fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn:

git clone https://github.com/spring-projects/spring-petclinic.git
cd spring-petclinic
./mvnw package

Ẹ jẹ́ ká kà á bí gbólóhùn. Àkọ́kọ́: Git ni à ń rán, ẹ̀dà project tó wà ní àdírẹ́sì yẹn ni kó wá fún wa. Ìkejì: a wọ inú fódà rẹ̀, ìlà yìí sì ni àwọn èèyàn sábà máa ń fò. Ìkẹta: mvnw, tó wà níbi tí a dúró sí yìí, ni à ń rán, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó di project náà sí àpò kan. Lórí PowerShell, .\mvnw.cmd package lẹ máa kọ.

Mvnw yìí kì í ṣe Maven fúnra rẹ̀. Fáìlì kékeré kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo irú Maven tí project náà fẹ́, kó wà á wálẹ̀ tí kò bá sí lórí ẹ̀rọ yín, kó wá gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ẹ ò fi ní láti fi Maven sórí kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ìwà ọmọlúàbí tí ẹni tó ń pín project lè hù sí àlejò tó ju kó fi irú fáìlì yìí sí i lọ.

Ẹ múra sílẹ̀ o: nígbà àkọ́kọ́, ohun tó máa wà wálẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù pín dáta fún kọ̀ǹpútà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí dáta bá ń tán lọ, torí pé tó bá já láàárín, ẹ̀sùn tí Maven máa fi kàn yín kò ní dà bí ọ̀rọ̀ dáta rárá. Nígbà kejì, inú .m2 ló ti máa mú púpọ̀ jù lọ nínú wọn. Tí ẹ bá fẹ́ kó má tilẹ̀ dé íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi -o kún àṣẹ náà.

Ọ̀rọ̀ á máa ṣàn bí òjò. Ẹ má gbìyànjú láti kà á tán. Ìlà kan ṣoṣo lẹ ń retí nísàlẹ̀: BUILD SUCCESS. Tó bá ti jáde, fódà tuntun kan ti wà tó ń jẹ́ target, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .jar sì wà nínú rẹ̀. Òun ni àpò èlùbọ́ náà. Ó yá, ká rò ó:

java -jar target/*.jar

Ìràwọ̀ yẹn ní kí shell wá fáìlì tó bá parí sí .jar. Windows kì í ṣe ìyẹn fún java, nítorí náà ẹ wo inú target, kí ẹ kọ orúkọ fáìlì náà ní kíkún.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ ó rí ìlà kan tí “Started PetClinicApplication” wà nínú rẹ̀. Terminal á wá dúró jẹ́ẹ́, kò ní gba àṣẹ míì. Kò gan o. Ètò náà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń dúró de àlejò. Ẹ ṣí browser yín, kí ẹ kọ http://localhost:8080. Localhost ni kọ̀ǹpútà tí ẹ jókòó tì yẹn gan-an, 8080 sì ni ẹnu-ọ̀nà tí ètò náà ti ń gba àlejò. Kò sí ẹni tó lè rí i láti ìlú míì.

Ẹ tẹ Find Owners, kí ẹ kọ Davis sínú àpótí. Méjì ló máa jáde, Betty àti Harold. Ẹni àfọwọ́dá ni wọ́n, wọ́n wà nínú dátà àpẹẹrẹ tí project náà gbé wá. Tí ẹ bá fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, gbogbo àwọn tó ni ẹran ló máa jáde, àwọn 10. Ẹ wá fi orúkọ tiyín kún un. Ẹ padà sí terminal, ẹ tẹ Ctrl àti C láti dá a dúró, ẹ tún un gbé dìde, kí ẹ wá orúkọ yín. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn míì á rò pé àwọn ti ba nǹkan jẹ́. Rárá: H2 ni àkójọ dátà tó ń lò tí ẹ kò bá yàn fún un, inú iyè kọ̀ǹpútà nìkan ni H2 yìí sì ń fi nǹkan sí, bí ètò bá ti kú, ó ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa rántí lè so ó mọ́ MySQL tàbí PostgreSQL, README rẹ̀ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọ̀nà kan tún wà tó ń ṣe build àti run pọ̀, ./mvnw spring-boot:run. Òun ni mo máa ń lò tí mo bá ń yí kóòdù padà lọ́wọ́. Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ fi ọ̀nà oníméjì yẹn ṣe é, torí pé tó bá bàjẹ́, á mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Tó bá wá jẹ́ BUILD FAILURE ńkọ́?

Ẹ má wo ìsàlẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀sùn Maven kì í wúlò, ó kàn ń júwe ojú-ìwé ìrànlọ́wọ́ fún yín ni. Ẹ yí i sókè títí ẹ ó fi dé ìlà tó kọ́kọ́ ní [ERROR] níwájú. Ìyókù sábà máa ń jẹ́ àtubọ̀tán rẹ̀.

“Permission denied” níwájú mvnw: fáìlì náà wà, àmọ́ wọn kò fún un láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ tó bá jẹ́ zip lẹ gbà dípò git clone. Ẹ tẹ chmod +x mvnw.

“UnsupportedClassVersionError” ń dẹ́rù ba èèyàn, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ló kàn ń sọ. Ó máa ń sọ pé class file version 61.0 ni wọ́n fi ṣe nǹkan yìí, àmọ́ 52.0 ni tiyín lè kà mọ. 52 ni Java 8, 55 ni Java 11, 61 ni Java 17, 65 ni Java 21. Ẹ yọ 44 kúrò nínú nọ́ńbà náà, ẹ ti rí Java tó ń bèèrè fún. Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú jù ni kó jẹ́ pé Java méjì wà lórí ẹ̀rọ: java -version ń sọ 17, Maven ń lo 8. Maven kì í tẹ̀lé PATH tí JAVA_HOME, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ fódà tí Java wà lórí ẹ̀rọ, bá wà. Ẹ tẹ ./mvnw -version, á sọ irú Java tí òun ń lò gan-an fún yín, ẹ wá lọ tún JAVA_HOME ṣe.

“Port 8080 was already in use” túmọ̀ sí pé ètò míì ti jókòó sí ẹnu-ọ̀nà yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, PetClinic àná tí ẹ gbàgbé láti dá dúró ni. Ẹ wá terminal rẹ̀ kí ẹ tẹ Ctrl àti C, tàbí kí ẹ fi --server.port=8081 sí ìparí àṣẹ java -jar yẹn, kí ẹ sì lọ sí 8081 lórí browser.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti PetClinic fúnra rẹ̀: ẹ yí ìlà kan padà nínú kóòdù, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ build kọ̀. Ẹ ka ẹ̀sùn náà: “Formatting violations found”. Àwọn tó ni project náà ní òfin lórí bí wọ́n ṣe ń fi àlàfo sí kóòdù, Maven sì ni aṣọ́nà wọn. Àṣẹ tó máa tún un ṣe fún yín ni ./mvnw spring-javaformat:apply.

Tí project náà kì í bá ṣe ti Java ńkọ́?

Ẹ tẹ ls kí ẹ wo orúkọ fáìlì tó wà nínú fódà náà. Òun ló máa sọ ẹni tí ẹ máa rán. Tí Makefile bá wà níbẹ̀, make ni. Tó bá jẹ́ package.json, ti Node, irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ JavaScript, ni, npm install lẹ́yìn náà npm start ló wọ́pọ̀. Cargo.toml jẹ́ ti Rust, cargo run sì ń ṣe build àti run pọ̀. go.mod jẹ́ ti Go, ẹ dán go run . wò, dọ́ọ̀tì ìparí yẹn kan náà ni “ibi tí mo wà yìí”. Requirements.txt jẹ́ ti Python:

python -m venv .venv
source .venv/bin/activate
pip install -r requirements.txt

Ìlà méjì àkọ́kọ́ dá yàrá ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún project náà, kí ohun tó nílò má baà bá ti project míì jà. Lórí PowerShell, .venv\Scripts\Activate.ps1 ló rọ́pò ìlà kejì. Lórí Linux àti Mac, python3 lẹ lè ní láti kọ.

Ṣé kò léwu láti mú kóòdù àjèjì ṣiṣẹ́?

Ó léwu. Ìgbà tí ẹ bá tẹ ./mvnw tàbí npm install, kóòdù ẹlòmíì ló ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára tiyín, ó sì lè ka fáìlì tí ẹ̀yin lè kà. Kódà npm install nìkan, kí ẹ tó run ohunkóhun, lè mú àṣẹ tó fara pamọ́ sínú package ṣiṣẹ́. Ẹ gba iṣẹ́ àpẹẹrẹ láti ọwọ́ ẹni tó ni irinṣẹ́ náà. Tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá sọ lórí Telegram pé òun ní iṣẹ́ fún yín, pé kí ẹ kọ́kọ́ gba project kan kí ẹ mú un ṣiṣẹ́ bí ìdánwò, ẹ fura: wọ́n ti ń fi ọ̀nà yìí jí ọ̀rọ̀ aṣínà àti owó crypto àwọn oníkóòdù. Ẹ má sì fi sudo síwájú àṣẹ nítorí pé ó kọ̀ láìsí i. Kò sí iṣẹ́ àpẹẹrẹ gidi tó nílò àṣẹ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà yín láti fi kí yín káàbọ̀.

Kí ni kí n pa rẹ́ tí mo bá ti ṣe tán?

Fódà target, ẹ lè pa á rẹ́ nígbàkígbà; ./mvnw clean ló ń ṣe é, build tó kàn á sì tún un dá. Bákan náà ni node_modules fún Node àti .venv fún Python. Ṣùgbọ́n .m2 yẹn, tí ààyè bá ṣì wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ fi sílẹ̀: dáta tí ẹ ti san owó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, project Java tí ẹ máa gbà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sì lè nílò púpọ̀ nínú rẹ̀.